Kí A Tó Sọ Irinṣẹ́ Lórúkọ

Ní àgbẹ̀dẹ bàbá mi ní Ìjerò, ọmọ kì í fọwọ́ kan ewìrì kí ó tó mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Òòlù, ẹmú, owú, ewìrì. Bí bàbá bá na ọwọ́ sẹ́yìn tó pe "ẹmú!", ẹmú ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí irin tó ti pọ́n kì í dúró de ẹni tó ń ronú. Àwọn ohun tí a ń rọ níbẹ̀ náà, orúkọ wọn kúrú: ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu ní Aràmọ̀kọ àti èyí tó ń tọ́jú kòkó lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè kò tíì wá orúkọ mìíràn fún wọn títí di òní.

Iṣẹ́ irin kọ́ ni mo padà fi jẹun. Kọ̀ǹpútà ni, láti ayé ìgbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá. Irinṣẹ́ tiwa níbẹ̀ kò ṣeé gbá mú. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀. Bí o bá mọ orúkọ náà, o tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o jókòó lásán. Àwọn ọmọ wa ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tiwọn báyìí, ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n sì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nípa rẹ̀ nígbà tí ọpọlọ mi ṣì jí pépé.

Mo wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà ni oríṣiríṣi ohun tí àwọn bàbá wa kò ní orúkọ fún ń wọ̀lú. Àpótí kan dé tó ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì, àwọn ọlọ́gbọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, a sì rí amóhùnmáwòrán. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Orúkọ tó dáa ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò rí ohun náà rí, bó bá ti gbọ́ orúkọ, ó ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí wa nínú ilé. Olóòtú ìròyìn ló ń pe amóhùnmáwòrán. Àwa tó jókòó síwájú rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ lọ sùn."

Ó pẹ́ kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ohun tí ẹnu ń pè lójoojúmọ́, ẹnu máa ń gé e kúrú. Ohun tí a ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló lè ru orúkọ gígùn. Irinṣẹ́ dà bí ènìyàn ní ti èyí: ó nílò orúkọ tí a fi ń pè é, ó sì nílò oríkì tí ń ṣàlàyé ẹni tó jẹ́. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi oríkì ṣe orúkọ, tàbí tí a bá fún ohun ní orúkọ kúkúrú tí a kò sì kọ oríkì rẹ̀ síbì kankan.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn ilé ìwé gírámà, mo bá ara mi ní Ìbàdàn, ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́. Káàdì páálí tí a lu ihò sí ni a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, lẹ́tà 80 péré ni káàdì kan sì ń gbà. Èdè FORTRAN, tí IBM gbé jáde ní 1957, kò gbà kí orúkọ ohunkóhun ju lẹ́tà mẹ́fà lọ, nítorí pé lẹ́tà mẹ́fà ni àyè kan nínú ìrántí ẹ̀rọ IBM 704 lè gbà. COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1959, la ojú ọ̀nà díẹ̀ fún wa: orúkọ lè gùn dé lẹ́tà 30. Iṣẹ́ ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Grace Hopper, ló tànmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà COBOL. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí àṣẹ kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé lásán lè kà, kí ó má jẹ́ àmì ìṣirò nìkan.

Ní ọ́fíìsì wa, ètò kan wà tí ẹni tó kọ ọ́ fi lẹ́tà àkọ́kọ́ inú orúkọ ara rẹ̀ pè, ó wá fi nọ́ńbà sí i lẹ́yìn. Nígbà tó ṣì wà láàárín wa, kò sí ìyọnu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú yóò lọ bá a lórí àga rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Oṣù parí, owó àwọn òṣìṣẹ́ kan kò péye, kò sì sí ẹnì kankan nínú yàrá náà tó lè sọ iṣẹ́ tí ètò yẹn ń ṣe gan-an. Káàdì nìkan ni a ń ṣí wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi ṣú. Orúkọ náà sọ ẹni tó ṣe irinṣẹ́ fún wa. Kò sọ ohun tí irinṣẹ́ wà fún.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ni náírà dé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tó ti jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n sọ pé ó fa orúkọ náà yọ láti inú Nàìjíríà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó ti sọ àyè owó nínú ètò rẹ̀ ní POUNDS, SHILLINGS, PENCE rí iṣẹ́ he, nítorí àyè mẹ́ta ti di méjì, gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn sì ti di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe tirẹ̀ ní NET-PAY, ìyẹn owó tó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè àti owó orí, orúkọ tirẹ̀ kò yẹ̀. Owó yí padà, owó oṣù kò kúrò lówó oṣù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe ni ó yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí a fi ṣe é lónìí lè má sí mọ́ lọ́la.

Nígbà tí mo wálé, mo tún rí ẹ̀kọ́ kejì nínú ọjà Aràmọ̀kọ. Àwọn ìyá wa kò ju orúkọ àtijọ́ nù. Ẹyọ kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun, sísì ni wọ́n pè é. Ẹyọ kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè ni. Kò sì sí àríyànjiyàn kankan lórí rẹ̀, nítorí sísì àtijọ́ jẹ́ ìdá 40 pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun náà sì jẹ́ ìdá 40 ohun tí pọ́n-ùn dà. Orúkọ kò yẹ̀, ìwọ̀n kò yẹ̀. Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ ni kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀. Kọ́bọ̀ tí a dàgbà bá, 240 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn. Kọ́bọ̀ tuntun, 200 ni pọ́n-ùn àná. Ẹni tó ní òun ń ta ata ní kọ́bọ̀ kan, èwo ló ń sọ? Orúkọ kan náà ló ń ru ìwọ̀n méjì, ojoojúmọ́ sì ni ẹnì kan ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ̀yin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọjà yẹn sọ́kàn. Bí àṣẹ kan bá ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ fún un ní orúkọ mìíràn. Kò sí ohun tó burú tó orúkọ àtijọ́ tó ń ṣe ohun tí ẹni tó pè é kò retí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náírà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Àwa ará Ìjerò bọ́ sí Oǹdó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, a di Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, fọ́ọ̀mù yí padà, òǹtẹ̀ yí padà, pátákó iwájú ọ́fíìsì yí padà. Ètò kọ̀ǹpútà tó ru orúkọ ìpínlẹ̀ lórí di ohun tí a ń tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ oyè àwọn ọba wa kò yí: Ajerò wà ní Ìjerò, Alárá wà ní Aràmọ̀kọ, Aláàyè wà ní Ẹ̀fọ̀n. Alárá àti Ajerò wà nínú ìtàn Ifá gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ìjọba ń kọjá lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kì í pa á rẹ́.

Nígbà tí Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ rẹ̀ ti gorí ọjọ́. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1969 ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Mo wo àwọn àṣẹ rẹ̀: ls tí a fi ń wo àwọn fáìlì, cp tí a fi ń ṣe ẹ̀dà wọn, mv tí a fi ń gbé wọn, rm tí a fi ń pa wọ́n rẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní èdè awo ni. Èmi rántí àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nígbà náà, Teletype Model 33, lẹ́tà mẹ́wàá péré ló lè tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bọ́tìnnì rẹ̀ sì le. Ẹni tó ń wo ohun tó wà nínú àpò fáìlì rẹ̀ nígbà gbogbo láti òwúrọ̀ di alẹ́, lẹ́tà méjì tó fún un. Wọn kò sì fi orúkọ kúkúrú náà sílẹ̀ láìní oríkì. Ìwé ìtọ́sọ́nà Unix àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí tó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ls àti cp fi wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní, lórí ẹ̀rọ tí àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ kò lérò pé yóò wà láyé.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ méjì pẹ̀lú wọn. Èkínní ni rm. Àṣẹ yìí ń pa fáìlì rẹ́, kì í sì í bi ọ́ ní ìbéèrè kó tó ṣe é. Mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí lẹ́tà méjì. Ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ kò yẹ kó rọrùn láti pè bí ohun tí a fi ń wo iṣẹ́. Ó yẹ kí orúkọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gùn, kí ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe jáde ketekete, kí ọwọ́ lè ní àyè láti dúró. Èkejì ni creat, àṣẹ tí ètò fi ń dá fáìlì tuntun. Ó yẹ kó jẹ́ create, àmọ́ wọ́n yọ lẹ́tà kan kúrò. Nígbà tí wọ́n bi Thompson léèrè ohun tí ì bá ṣe lọ́nà mìíràn bó bá tún Unix ṣe, ó ní òun ì bá fi lẹ́tà yẹn kún un. Wọn kò sì fi kún un nínú Unix títí di òní, nítorí àìmọye ètò ló ti ń pe orúkọ náà bó ṣe wà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ iwájú ni ká wò, torí orúkọ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ti kọ sínú iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ tí etí ń sọ. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, lórí àwọn òkè, ni ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ àti ti Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèngbé ará Iléṣà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ mìíràn fún un nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìró ìbọn ńlá tó ń dún láti òkè dé òkè ni àwọn tó gbọ́ ọ fi sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. Orúkọ yẹn ló borí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, Mike Muuss, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ ètò kékeré kan tó ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó jìnnà láti mọ̀ bóyá ó ń dáhùn. Ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń wá ohun tó wà nínú òkun ló fi sọ ọ́: ping. Kò sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà láyé tí wọn kì í ti í pe orúkọ yìí. Kírìjì àti ping kò ṣàlàyé ara wọn bí amóhùnmáwòrán ti ń ṣe, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tó jọra náà wà. Ní ayé ìgbà tí lẹ́tà ń gba posófíìsì kọjá, ìyọnu ni Ìmẹ̀sí. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà, Òkè-Ìmẹ̀sí wà lọ́dọ̀ wa, Ìmẹ̀sí-Lásìgídì wà ní ìlà-oòrùn Èkìtì. Ìdó-Èkìtì wà, Ìdó-Ilé náà wà. Ìlú kan sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò tí a ń kọ ní Epe lórí àpòòwé, bí a ti ń kọ ti Èkó gan-an. Àwọn bàbá wa kò bá ara wọn jà lórí ẹni tó ni orúkọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, lẹ́tà sì ń dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ti ń jẹ́ orúkọ tí ẹ fẹ́. Ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tí ayé mọ̀ sí Firefox lónìí, Phoenix ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà Firebird, nítorí àwọn mìíràn ti ń jẹ́ méjèèjì, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sórí Firefox ní 2004. Níbí ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìfowópamọ́ orí fóònù tí a mọ̀ sí PiggyBank di PiggyVest ní 2019, nígbà tí ìdókòwò ti wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, tí orúkọ àkọ́kọ́ kò gba gbogbo rẹ̀ mọ́.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni àmì ohùn. Inú mi ń dùn nígbà tí mo bá rí ọmọ tó fi Yorùbá sọ ètò rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orí kíbọọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, àmì kò sí. Ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ àti oko, gbogbo wọn yóò di oko. Ẹ̀fọ̀n tí í ṣe ìlú, ẹfọ̀n inú igbó àti ẹ̀fọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀, efon ni wọ́n máa jẹ́ pátá. Nítorí náà, kí o tó fi orúkọ kan lélẹ̀, kọ ọ́ láìsí àmì kankan, kí o fún ẹni tí kò mọ ohun tí ò ń ṣe kí ó kà á. Bí ó bá kà á sí ohun mìíràn, wá òmíràn. Wo ẹ̀ka èdè náà pẹ̀lú: àwa ní Ìjerò ń sọ ulé àti uṣu níbi tí ará Ìbàdàn ń sọ ilé àti iṣu. Orúkọ tí gbogbo ẹnu wọ̀nyí lè pè bákan náà ni yóò rìn jìnnà. Ijero, tí a bá yọ àmì rẹ̀, kò di nǹkan mìíràn. Aramoko náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni ṣíṣe ìtọ́jú orúkọ lẹ́yìn tó ti jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú GNU grep, ètò tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àṣẹ egrep àti fgrep kìlọ̀ fún ẹni tó bá pè wọ́n pé ìgbà wọn ti kọjá. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn orúkọ yìí ti wà nínú iṣẹ́ àwọn ènìyàn. Inú ọ̀pọ̀ kò dùn, èmi náà sì wà pẹ̀lú wọn. Iye tí wọ́n ná láti jẹ́ kí orúkọ méjì máa wà kéré gan-an. Iye tí àwọn tó ń lò ó yóò ná láti tún gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ kọ kò ṣeé kà. Ẹni tó ní irinṣẹ́ lè sọ pé orúkọ tuntun dára jù, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Kí ó gbé tuntun kalẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àtijọ́ máa dáhùn títí ẹnikẹ́ni kò fi ní pè é mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìjerò, ní Aràmọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti ní gbogbo àgbègbè wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí irinṣẹ́ ń ṣe ni kí ẹ fi pè é. Ẹ má fi orúkọ ara yín pè é, ẹ má sì fi orúkọ owó tàbí ìjọba tó wà lónìí pè é. Èyí tí ọwọ́ yóò máa tẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ gé e kúrú. Èyí tó lè ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kó gùn kó sì hàn. Ẹ kọ oríkì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ ilé ìwé lè kà. Ẹ pè é sókè fún ìyá yín kí ẹ tó fi í síta, bí kò bá lè pè é padà fún yín, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró tì í. Àwọn tí a kò tíì bí ni yóò máa tẹ orúkọ tí ẹ bá yàn lónìí. Ẹ yan èyí tí wọn yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.